Ìdí Tí Ìṣẹ̀lẹ̀ Ńlá Fi Ń Bọ́ Sí Ọjọ́ Kan Náà

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kojú Argentina ní Foxboro, nítòsí Boston ní Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn ni Nàìjíríà kọ́kọ́ dé ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Eré náà kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Samson Siasia fi gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Argentina. Ajégúnlẹ̀ ni Siasia dàgbà sí, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ariwo tí góòlù bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ ní àdúgbò tó bá bí ẹni tó gbá a. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Claudio Caniggia gbá méjì wọlé, Argentina sì fi góòlù méjì sí ẹyọ kan borí. Nígbà tó pé ogún ọdún géérégé, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2014, orílẹ̀-èdè méjèèjì tún pàdé nínú ìdíje kan náà, lọ́tẹ̀ yìí ní Porto Alegre ní Brazil. Ahmed Musa gbá méjì wọlé, Lionel Messi náà gbá méjì, Marcos Rojo wá fi ẹ̀kẹta ba tiwa jẹ́. Góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n fi jù wá lọ ní 1994, góòlù kan ṣoṣo náà ni ní 2014.

Bí ẹ bá ń ti Àpápá bọ̀, tí ẹ gba Malu Road kọjá sí Ajégúnlẹ̀, kò ní pẹ́ kí ẹ tó pàdé ẹni tó mọ irú nǹkan báyìí lórí. Á sọ fún yín pé ọjọ́ báyìí ni lágbájá gba ìjọba, ọjọ́ yẹn náà ni ìjọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ìdí, èsì tó wọ́pọ̀ jù ni pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Èmi náà fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ tí mo ti ń kó ọjọ́ jọ. Ohun tí mo sì ti rí níbẹ̀ ni pé oríṣiríṣi ni ìpàdé ọjọ́. Òmíràn wà tí ìṣirò lásán bí i. Òmíràn wà tí ẹnì kan jókòó, tó wo kàlẹ́ńdà, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá ya wọ́n sọ́tọ̀ á máa rí àmì níbi tí àmì kò sí, ọwọ́ àwọn aláṣẹ tó wà níbẹ̀ gan-an kò sì ní hàn sí i.

Ẹ jẹ́ ká ti orí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù láti tú palẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Nàìjíríà àti Argentina ti pàdé nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn ọkùnrin láti 1994 sí 2018: ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 1994, ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 2002, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2010, ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 2014 àti ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2018. Oṣù Kẹfà ni gbogbo rẹ̀. Kò yani lẹ́nu, torí ìgbà tí líìgì ilẹ̀ Yúróòpù bá parí ni wọ́n máa ń gbá ìdíje náà, ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n ti pín àwọn orílẹ̀-èdè sí mẹ́rin-mẹ́rin sì ni wọ́n ti pàdé lẹ́ẹ̀marààrún. Nítorí náà, ìpàdé yìí kò rí ọjọ́ 365 mú nínú rẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló ní. Bí a bá fọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ márùn-ún sínú ọgbọ̀n ọjọ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, bí ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni méjì nínú wọn á bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ẹ sì wo ti 2018. Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀ mìíràn, wà lórí pápá lọ́jọ́ náà ní Saint Petersburg. Argentina tún fi góòlù méjì sí ẹyọ kan borí wa, bíi ti 1994 gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ló fi ṣì, nítorí ọjọ́ kan yẹn kì í bá wọn wọ inú ìtàn náà. Èyí tó bá bọ́ sójú kan náà là ń rántí. Èyí tó bá yẹ̀ díẹ̀, a ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìṣirò mìíràn wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀ dán wò. Agbábọ́ọ̀lù 22 ló máa ń wà lórí pápá, rẹfirí sì ni ẹnì kẹtàlélógún. Ẹ béèrè ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ gbogbo wọn, ọjọ́ àti oṣù nìkan, ẹ fi ti ọdún sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé ó di ìgbà tí wọ́n bá tó igba ènìyàn kí ọjọ́ ìbí ẹni méjì tó lè bára mu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pé 23, ó ti ju ìdajì lọ pé a ó rí ẹni méjì tí wọ́n jọ ní ọjọ́ ìbí kan náà. Méjì-méjì ló yẹ ká máa kà, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹni 22 tó lè bá mu, ẹnì kejì ní 21 sí i, ẹnì kẹta ní 20, bó ṣe ń lọ nìyẹn títí á fi di méjì-méjì 253. Àǹfààní 253 ni ọjọ́ méjì ní láti bára wọn pàdé láàárín ènìyàn tí kò kún bọ́ọ̀sì kan.

Bí ènìyàn 23 bá lè ṣe èyí, kí la fẹ́ sọ nípa ìtàn odidi orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú gbogbo ìbò rẹ̀, ìdìtẹ̀gbàjọba rẹ̀, ìbí àti ikú àwọn ẹni ńlá rẹ̀? Ojúlé kọ̀ọ̀kan nínú kàlẹ́ńdà ni èrò ti kún. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1938 ni wọ́n bí Fẹlá ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1987 ni wọ́n pa Thomas Sankara ní Ouagadougou. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọn méjèèjì lè máa rántí wọn pa pọ̀ lọ́jọ́ náà, inú mi á dùn sí i. Kó má kàn sọ pé ọjọ́ ìbí ọ̀kan ló pe ikú èkejì.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ni mo rò pé ó ń dán ọkàn wò jù. Ní ọjọ́ yẹn ní 1964, ilé ẹjọ́ ní Pretoria dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Nelson Mandela àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn ní 1993, àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò, wọ́n sì dìbò fún M.K.O. Abíọ́lá, ìbò tí ìjọba Babangida fagi lé ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Ní ọjọ́ yẹn ní 2010, Argentina fi góòlù kan sí òdo borí Nàìjíríà, ní Johannesburg, nílẹ̀ Mandela gan-an. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, orí mi ń wú. Ṣùgbọ́n adájọ́ Pretoria kò mọ Abíọ́lá rí, àwọn tó ṣètò ìbò 1993 kò sì wo ìwé ilé ẹjọ́ South Africa kí wọ́n tó mú ọjọ́. Àwọn tó ṣètò bọ́ọ̀lù 2010 kò ro ti ìbò wa rárá.

Àfikún kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn tó mọ ọjọ́ kà máa ń fà yọ: ọjọ́ Àbámẹ́ta ni June 12 ti 1993, ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ni ti 2010. Ohun tó mú un rí bẹ́ẹ̀ kò le. Ọdún kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ 52 àti ọjọ́ kan lé. Ọjọ́ tó bá jẹ́ Àbámẹ́ta lọ́dún yìí á di ọjọ́ Àìkú lọ́dún tó ń bọ̀, àfi bí oṣù Kejì tó ní ọjọ́ 29 bá wà láàárín, nígbà náà á fo méjì. Láti 1993 dé 2010 jẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún, oṣù Kejì olójọ́ 29 sì wọ àárín lẹ́ẹ̀mẹrin: 1996, 2000, 2004 àti 2008. Mẹ́tàdínlógún àti mẹ́rin jẹ́ mọ́kànlélógún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe padà sí Àbámẹ́ta.

Bí ẹ bá wá gbé ọjọ́ méjèèjì lọ sọ́dọ̀ bàbá aláwo tó ń ka ọ̀sẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń kà á, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá, kò ní gbà fún yín pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n. Láti June 12 ti 1993 dé ti 2010 jẹ́ ọjọ́ 6,209. Ẹ fi méje pín in, kò ní ṣẹ́ kù. Ẹ fi mẹ́rin pín in, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Bí ti àkọ́kọ́ bá bọ́ sí ọjọ́ Ògún, ti ìkejì ti di ọjọ́ Jàkúta nìyẹn. Bí ẹ bá sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Ààfáà, òun náà á ní oṣù tirẹ̀ ọ̀tọ̀, torí ọdún tí à ń fi òṣùpá kà fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ti kàlẹ́ńdà ara ògiri lọ. Òun ló mú kí ọdún Iléyá wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún 2006, ọ̀kan ní oṣù Kìíní, èkejì ní oṣù Kejìlá. Àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣe Máólúdì, ìrántí ọjọ́ ìbí Ànábì, ní ọjọ́ 12 oṣù Rabi al-Awwal mọ̀ pé ọ̀pọ̀ gbà pé ọjọ́ yẹn náà ni Ànábì jáde láyé. Ìrántí méjì ló ń rìn pa pọ̀ nínú ọdún òṣùpá, tí kì í dúró sójú kan nínú ọdún tí ìjọba ń kà. Nítorí náà, bí a bá sọ pé nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè pé lórí kàlẹ́ńdà ta ni.

Ó tó báyìí nípa ohun tí ìṣirò ń bí. Èyí tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló kàn.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ni gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀. Ọjọ́ náà ní 1954 ni òfin tó sọ Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ náà ní 1960 la gba òmìnira, ọjọ́ náà ní 1963 la di olómìnira tí kò ní ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́, ọjọ́ náà ní 1979 ni Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún Shagari. Ní 1996, ọjọ́ náà ni Abacha kéde ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́fà, tí Èkìtì wà nínú wọn. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun níyì á gbé e ka orí ọjọ́ tó ti níyì tẹ́lẹ̀. Àwọn olóṣèlú mọ̀ ọ́n, àwọn sójà náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985 ni Babangida gba ìjọba. Nígbà tó fẹ́ dá ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní 1991, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ló kéde wọn, tí Ọ̀ṣun wà lára wọn. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1993 náà ló sì dá pé òun á gbé ìjọba sílẹ̀. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń ṣe àjọyọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ọjọ́ ìdìtẹ̀gbàjọba ni wọ́n ń jó lé lórí. Èyí dùn mí díẹ̀, torí ìjà tí àwọn ará ibẹ̀ jà fún ìpínlẹ̀ tiwọn ti wà kí Babangida tó dé.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ àwọn ọmọdé, nítorí ó gbé oríṣi méjèèjì dání. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1844 ni àwọn ọba Fante kan fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun Gold Coast. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957 ni Ghana gba òmìnira. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un ni: ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ni kí ìwé náà kú. Láàárín méjèèjì, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909, wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìyẹn kò bá ẹnikẹ́ni dá àjọ. Ọjọ́ kan, ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta, méjì so mọ́ ara wọn, ọ̀kan dá dúró. Bí ọmọ bá lè sọ èyí tó dá dúró nínú wọn, ó ti lóye ọ̀rọ̀ náà.

Oríṣi kan tún wà tí kì í ṣe ti ìṣirò lásán, tí kì í sì í ṣe ti ẹni tó wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, àwọn sójà dìtẹ̀, wọ́n mú olórí ìjọba, Aguiyi-Ironsi, nílé Adékúnlé Fájuyì ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa àlejò àti onílé. Ìdìtẹ̀ yẹn ló gbé Gowon gorí oyè. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1975, nígbà tí Gowon wà ní Kampala níbi ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà, ìdìtẹ̀ mìíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án géérégé. Murtala Mohammed, tó wà lára àwọn tó ṣíwájú ti 1966, ni ti 1975 sọ di olórí ìjọba. Ohun tó ń jọra nínú ọjọ́ méjèèjì ju déètì lọ. Agbo ọmọ ogun kan náà ni, ìwà kan náà ni, pé ìbọn la fi ń yí ìjọba padà. Níbi tí irú ìdí bẹ́ẹ̀ bá wà, kí a má kàn máa ya ẹnu sí kàlẹ́ńdà.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ dúró lé lórí jù ni ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, nítorí òun ló kan àwọn ará Malu Road ní ìhà méjèèjì. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ní 1966, àwọn ọ̀gágun kéékèèké dìtẹ̀. Wọ́n pa Tafawa Balewa tó jẹ́ olórí ìjọba, wọ́n pa Ahmadu Bello ní Kaduna, wọ́n pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n pa àwọn ọ̀gá ológun pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ogun abẹ́lé ti là. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967, ó sì gba ọgbọ̀n oṣù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, Philip Effiong, tó ṣojú Biafra, wá sí Dodan Barracks ní Ìkòyí, ó gbé ìwé ìtúúbá fún Gowon, Biafra sì dópin. Ó pé ọdún mẹ́rin géérégé tí ìbọn àkọ́kọ́ dún.

Kí ọjọ́ yìí tó dé, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni àwọn ọmọ ogun wa máa ń ṣèrántí àwọn tó kú lójú ogun, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918 nìyẹn, ní agogo mọ́kànlá, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá. Òun náà jẹ́ ọjọ́ tí a fọwọ́ ṣe. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ìjọba gbé ìrántí náà kúrò níbẹ̀, tí wọ́n gbé e wá sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, wọ́n ń tẹ́ òdòdó síbi ère ọmọ ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, àwọn àgbà sójà tó ti fẹ̀yìn tì ń wọ aṣọ wọn tó ti gbó pẹ̀lú ẹ̀yẹ láyà. Àpápá ní báráàkì tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Arakan. Arakan ni orúkọ ilẹ̀ kan ní Burma níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yòókù ti bá àwọn ará Japan jà ní 1944 àti 1945. Dodan náà, Burma ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀ wá. Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìtúúbá Biafra bọ́ sí Dodan Barracks, abẹ́ orúkọ ogun àtijọ́ ni ogun tuntun parí sí.

Ẹ wá ronú nípa Ajégúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, Ìgbò ń bẹ níbẹ̀, Ìjọ̀, Urhobo, Ìṣẹ̀kírì, Hausa, Ìlàjẹ àti Ègùn ń bẹ níbẹ̀, nínú ilé kan náà nígbà mìíràn, tí yàrá kọjú sí yàrá. Bàbá Yorùbá tó ti dàgbà rántí òru tí Akíntọ́lá kú, ó sì rántí Wẹ́tìẹ, ilé tí wọ́n dáná sun ṣáájú òru yẹn. Aládùúgbò rẹ̀ láti Àríwá rántí Ahmadu Bello, Sardauna. Màmá Ìgbò tó wà ní yàrá kejì rántí ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn èèyàn rẹ̀ kiri. Ìyàwó sójà ní báráàkì lè má ronú kan 1966 tàbí 1970 rárá. Liberia ni ọkọ tirẹ̀ ti lọ, tàbí Borno. Gowon sọ lọ́jọ́ ìtúúbá náà pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ rere ni, mo sì gbà pé ó ti ọkàn rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá gbé ìrántí kan ṣoṣo ka orí ọjọ́ tí ó ní ìtumọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ilé kan, ohùn fèrè sójà lè bo ohùn àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ọjọ́ ìrántí tó dára yẹ kó fi àyè sílẹ̀ kí olúkúlùkù lè sọ tirẹ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní kan náà tún wà ní 1977, tí ayọ̀ ló kún inú rẹ̀: ọjọ́ yẹn ni FESTAC bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ènìyàn dúdú láti gbogbo ayé kóra jọ sí Èkó, tí ilé ìṣeré ńlá ní Ìgànmú, tí kò jìnnà sí Àpápá, kún fún ìlù. Sátidé ni òun náà, bíi ti 1966. Ó yà mí lẹ́nu pé kò wọ́pọ̀ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn méjì yòókù.

Bí ìjọba ṣe lè gbé ìrántí láti ọjọ́ kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni ará ìlú lè fà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa lẹ́yìn 1999, torí ọjọ́ yẹn ni àwọn sójà kúrò lórí àga. Àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá kò fi June 12 sílẹ̀. Ọdún dé, ọdún lọ, wọ́n ń ṣe é, ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù, nígbà tí Àbújá kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, Buhari kéde pé June 12 ni Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bẹ́ẹ̀ ní 2019. Mélòó ni ọjọ́ tí ará ìlú fi ẹnu wọn gbé wọ inú kàlẹ́ńdà ìjọba? Nínú gbogbo ọjọ́ tí mo kà sílẹ̀ níhìn-ín, òun ni mo bọ̀wọ̀ fún jù.

Gbogbo èyí dúró lórí ohun kan: pé ẹnì kan kọ déètì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Malu Road ti ń pàdánù. Ilẹ̀ Àpápá fúnra rẹ̀ wà nínú ẹjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà káàkiri ayé títí di òní. Ìjọba gba ilẹ̀ níbẹ̀ ní 1913. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, ní kò tọ́ kí wọ́n gbà á láìsan owó ilẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ òkun lọ sí London ní 1920, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ga jù níbẹ̀ sì dá a láre ní oṣù Keje ọdún 1921, pé ilẹ̀ náà ti ní ẹni tó ni ín kí ìjọba òyìnbó tó dé. N kò tíì rí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ onílé kankan, pẹ̀lú gbogbo fọ́tò àwọn alága àti akápò tó wà lára wọn, tó fi àmì sí i.

Èyí tó kéré ju ìyẹn ló pọ̀ jù: ọjọ́ tí ìdílé kan kó dé, ọjọ́ tí ilé jó, ọjọ́ tí omi gba àdúgbò, ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ṣí. Àwọn àgbà rántí wọn dáadáa, wọn kò kàn ní déètì. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó nínú oṣù wo, wọ́n á ní àwọn ti gbàgbé. Ẹ má bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà. Bí màmá bá ní, “Ọmọ mi, ọjọ́ Àjíǹde tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ni,” a ti rí i: ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, torí ọjọ́ Àjíǹde gan-an ni Nàìjíríà yí ìwakọ̀ padà láti apá òsì. Bí bàbá bá ní owó pọ́n-ùn lòun fi san àsansílẹ̀ ilé, kí òun tó wọlé náírà ti dé, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973 wà láàárín nǹkan méjì yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé Iléyá ni wọ́n fi ń rántí, ẹ béèrè bóyá òjò ń rọ̀ tàbí ọyẹ́ ń fẹ́, torí Iléyá máa ń rin gbogbo ìgbà inú ọdún já láàárín bí ọdún 33, ìyẹn á sì jẹ́ kí ẹ mọ ọdún tó lè jẹ́. Ẹ bi ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Lẹ́yìn náà, bí fọ́tò bá wà, ẹ kọ déètì náà sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ lò, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, torí yíǹkì báírò lè fà dé iwájú fọ́tò, kó sì ba ojú àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́.